Àbùlà Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Oúnjẹ Tí Ẹnìkan Kì Í Dá Sè

Ìkòkò mẹ́rin ló ń jẹ́ àbùlà: gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata, àti ọkà, ìyẹn àmàlà, fúnra rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ gbóná pọ̀ nígbà tí abọ́ bá délẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á dá a sè, bó ṣe ń wo ewédú kó má hó dànù ni gbẹ̀gìrì ń jó nídìí, bó ṣe yíjú sí gbẹ̀gìrì ni omi ọkà ń gbẹ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀yọ́ àti Ogbómọ̀ṣọ́ fi ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ olóńjẹ lópin ọ̀sẹ̀, tí àwọn ọmọ mìíràn sì ń dàgbà láìrí bí wọ́n ṣe ń ro ọkà. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Lójú tèmi, wàhálà yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Oúnjẹ tó bá ń béèrè ọwọ́ mẹ́jọ, èèyàn mẹ́rin ló ń pè jọ. Ohun kan sì tún wà tí mo kà sí jù bẹ́ẹ̀ lọ: apá tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ àbùlà, ìyẹn ẹ̀wà bíbó àti ewédú jíjá, ọwọ́ nìkan ló ń gbà. Ẹnu ṣófo, etí ṣófo. Ẹni tó ń bó ẹ̀wà kò lè di fóònù mú, torí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀, ó sì lè gbọ́rọ̀. Ọmọ tí ẹ bá pè síwájú yín pé kí ló ń ṣe é nílé ìwé, á ní kò sí nǹkan kan. Ọmọ yẹn kan náà, bí ojú rẹ̀ bá wà nínú abọ́ ẹ̀wà, tí kò ní láti máa wo ojú yín, á sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí ẹ̀wà tó funfun tán.

Nítorí náà, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì tó bí a ṣe ń sè é. Èèyàn mẹ́fà ni màá fi díwọ̀n: àgbà méjì, ọ̀dọ́ méjì, ọmọdé méjì. Ẹ̀wà agolo mílíìkì mẹ́ta á tó wọn fún gbẹ̀gìrì. Èlùbọ́ agolo mẹ́fà. Ewédú ìdì ńlá méjì, èyí tí ewé rẹ̀ á kún abọ́ ìfọwọ́ ńlá kan kó tó wọ iná. Epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ kan fún gbẹ̀gìrì, ẹ ya ti ọbẹ̀ ata sọ́tọ̀. Irú ẹ̀kúnwọ́ kan, kán-ún díẹ̀, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, àti ẹran tàbí ẹja tí apá bá ká.

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, torí kò sí ọgbọ́n orógùn tó lè tún èlùbọ́ burúkú ṣe. Iṣu ni wọ́n bẹ, tí wọ́n gé, tí wọ́n bọ̀ nínú omi tó gbóná àmọ́ tí kò tíì hó, tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì, tí wọ́n wá sá sóòrùn títí ó fi le gbagidi. Òun ni gbodo. Gbodo tí wọ́n lọ̀ ni èlùbọ́. Àwọn ọmọ máa ń béèrè ìdí tí iṣu funfun fi di ọkà dúdú. Bí iṣu tí a bẹ tí a gbàgbé sórí àwo ṣe ń pọ́n lára náà ni: ohun kan wà nínú iṣu tí atẹ́gùn ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó sì ń dúdú sí i bó bá kan omi gbígbóná. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe aró.

Gbodo tí wọ́n sá lásìkò ọyẹ́ ló dára jù, torí kíákíá ló ń gbẹ. Ti àsìkò òjò a máa bu kó tó gbẹ tán, ẹni tó tà á á sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó dára. Bí ẹ bá dé ọjà Akẹ́sán níwájú ààfin ní Ọ̀yọ́, tàbí ọjà Jagun ní Ogbómọ̀ṣọ́, ẹ mú ọmọ kan dání, kí òun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Kó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó gbóòórùn rẹ̀: èlùbọ́ tó dára ń ta sánsán bí iṣu gbígbẹ, èyí tó ti bu ń rùn bí aṣọ tó tutù tí a ká mọ́lẹ̀. Kó fi bíńtín sí ẹnu, kó fi eyín tẹ̀ ẹ́: bó bá dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, iyanrìn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ́ fún ìyá tó ń tà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ wo òmíràn." Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn náà. Bó bá ṣe gbodo lẹ rà tí ẹ gbé lọ sí ilé ìlọta, ẹ rántí pé gbígbóná ni èlùbọ́ ń jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e mọ́ inú ike. Èyí tí a bá dé ní gbígbóná á làágùn, á dì ní kókó, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu.

Àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ tó ń kà á á ti máa sọ pé láfún dà. Wọ́n jàre, oríkì ìlú wọn kúkú ni ibi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ẹ̀gẹ́ ni láfún, tí wọ́n bó tí wọ́n rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ó fi rọ̀ tó sì kan, kí wọ́n tó sá a tí wọ́n lọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn ò ṣeé gé kúrú, torí omi yẹn ló ń fa májèlé inú ẹ̀gẹ́ jáde. Bí wọ́n ṣe ń ro ti iṣu náà ni wọ́n ń ro ó, àmọ́ ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná kó lè jinná dénú. Ilé tí bàbá fẹ́ láfún tí ìyá fẹ́ dúdú, ẹ ro méjèèjì. Orógùn méjì, ọmọ méjì.

Ọ̀nà tí mo gbà ń ṣírò àsìkò ni láti ìgbẹ̀yìn wá síwájú. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó jẹun ní agogo méjì ọ̀sán, omi ọkà gbọ́dọ̀ wà lórí iná ní nǹkan bí agogo kan àbọ̀. Ewédú á gorí iná lákòókò kan náà. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó gbọ́dọ̀ ti wà lórí iná láti agogo méjìlá ààbọ̀, ó pẹ́ tán. Ìyẹn ni pé agogo mọ́kànlá àbọ̀ ni gbogbo ilé ń jókòó. Ẹ má fi sí àsìkò tí ebi ti ń pa àwọn ọmọ. Ẹ fún wọn ní ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀. Ebi kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe sùúrù, kì í sì í jẹ́ kí òbí ṣe é pẹ̀lú.

Ẹni tó kéré jù ló ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ń rí òkúta tí ojú àgbà ń fò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ, díẹ̀díẹ̀, kó máa ti èyí tó dára sápá kan. Ibẹ̀ ni àlọ́ ti ń wọlé wẹ́rẹ́: Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ọmọ tó ń wo ẹ̀wà funfun olójú dúdú níwájú ara rẹ̀ á já a lójú ẹsẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn, torí òun ló kọ́kọ́ rí i. Olóyin náà ń ṣe gbẹ̀gìrì tó dùn gan-an. Bí ọwọ́ bá tó o, èyíkéyìí nínú méjèèjì ló dára. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ òǹtàjà ni kí ẹ sá fún. Ẹ ó fi gáàsì sè é, kò ní rọ̀.

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló tó láti rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èèpo á lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wà á wú, á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọwọ́, èyí tó fọ́ á sì bá èèpo lọ. Ẹ wá gbé ọpọ́n fífẹ̀ kan sí àárín, kí gbogbo yín yí i ká. Mo tẹnu mọ́ ọpọ́n kan yìí. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ní abọ́ tirẹ̀, eré ìje ló ń dà, àwọn ọmọ á máa wo ta ló ń ṣíwájú, ẹni tó kẹ́yìn á sì bínú dìde. Nínú ọpọ́n kan, kò sẹ́ni tó lè sọ pé tòun ni èyí. Ọwọ́ á máa kan ọwọ́ lábẹ́ omi.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fọ̀ ọ́, bí ẹni ń fọ aṣọ ọmọ tuntun. Ẹ má gún un, ẹ má fún un. Èèpo fúyẹ́, ẹ̀wà wúwo, torí náà bí ẹ bá da omi sí i kún, èèpo á léfòó. Ẹ dojú ọpọ́n dé díẹ̀díẹ̀ sórí asẹ́, kí asẹ́ lè mú ẹ̀wà tó bá fẹ́ sá lọ. Ẹ bu omi mìíràn, ẹ tún fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí méje ni ẹ ó ṣe é kó tó funfun. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ fi èékánná bó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèpo tó bá ṣẹ́kù kì í rọ̀, á di àmì dúdú kéékèèké nínú gbẹ̀gìrì, á sì máa kan ahọ́n.

Mo mọ̀ pé blẹ́ńdà wà. Ẹ lè da ẹ̀wà àti omi sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta wéréwéré, èèpo á sì ṣí kúrò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí gbogbo èèyàn ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ lò ó, ó dára. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ìṣẹ́jú 40 tí ẹ̀rọ náà bá bá yín dín kù ni ìṣẹ́jú 40 tí ẹ torí rẹ̀ jókòó pọ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nídìí ọpọ́n, mi ò rò pé ó yẹ ká ṣètò rẹ̀. Òbí tó bá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lóríṣiríṣi ti sọ ìjókòó náà di ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan kékeré kan: ohun tí ẹ rí lójú ọ̀nà, ẹni tó kí yín lọ́jà, bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe gbẹ̀gìrì tirẹ̀. Kí ẹ dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìró omi tó. Ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní yunifásítì LAUTECH ní Ogbómọ̀ṣọ́ tó sùn sílé lálẹ́ Ẹtì á kọ́kọ́ jókòó bí àlejò. Ẹ fún un ní àyè. Ìgbà tí ọwọ́ bá mọ́ra ni ẹnu ń tú. Bó bá sì ṣe pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ló já lu ilẹ̀, ẹ máa bó ẹ̀wà lọ. Ẹ má dáwọ́ dúró láti wò ó lójú. Ìgbà tí ọwọ́ bá dúró ni ọmọ ń mọ̀ pé òun ti sọ ohun ńlá, á sì gbé e mì padà.

Ní ti pípín iṣẹ́, gbólóhùn tí mo ń sá fún jù ni "wá ràn mí lọ́wọ́." Ọmọ tí wọ́n ní kó wá ranni lọ́wọ́ kò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò mọ ibi tó parí sí, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n fi rán an wá ṣíbí, lẹ́yìn náà á rọra yọ lọ. Ẹ fún un ní nǹkan kan lódindi: "Ìwọ lo ni ewédú lónìí." Láti orí jíjá dé orí fífi ìjábẹ̀ jà á, òun ló ni ín. Bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, òun ni a óò bi. Bó bá dùn, orúkọ rẹ̀ ni a óò dá nídìí oúnjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kúrò ní ẹni tí kò lè ṣe ewédú. Ohun kan ṣoṣo tí àgbà gbọ́dọ̀ bá a ṣe ni gbígbé ìkòkò náà kúrò lórí iná.

Bàbá ilé ni mo fẹ́ kí wọ́n máa já ewédú pẹ̀lú ọmọ yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn ọkùnrin kan nílẹ̀ wa ń rò pé iyán gígún nìkan ni iṣẹ́ tó kàn wọ́n nídìí oúnjẹ. Àmọ́ ewédú jíjá kò le, àpótí ni a fi ń jókòó ṣe é, ọmọ á sì rí bàbá rẹ̀ fún ìdajì wákàtí láìsí rédíò, láìsí àlejò. Ewé nìkan la fẹ́. Ẹ ká igi rẹ̀ dànù, ẹ ká èyí tó ti pọ́n àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Lásìkò òjò, ewédú pọ̀, ó sì rọ̀. Ti ẹ̀ẹ̀rùn, láti àkùrọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ó ń le díẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i lórí iná. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ kó ewé jáde kúrò nínú omi; ẹ má da omi kúrò lórí ewé. Iyanrìn ti sọ̀ sí ìdí abọ́ kalẹ̀, bí ẹ bá dà á pọ̀, ẹ ti tún dá a padà sórí ewé. Omi mẹ́ta ló tó.

Ẹ̀wà ti funfun báyìí. Ẹ gbé e ka iná pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí ẹ là sí méjì, kí omi bò ó mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka méjì. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó rọ̀ ná. Ìfófó á yọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bù ú kúrò, ẹ ṣí ọmọrí díẹ̀ kó má hó dànù. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Láàárín ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan, "Màámi, ṣé ó ti rọ̀?" á bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kó fi ṣíbí bu ẹyọ kan, kó jẹ́ kó tutù, kó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bó bá di lẹ́búlẹ́bú láìjà, ó ti rọ̀. Bí kókó kékeré bá ṣì wà láàárín, kò tíì tó, ẹ̀wà tí kò rọ̀ tán kò sì ní di gbẹ̀gìrì láéláé, ẹ ò báà fi ìjábẹ̀ jà á di alẹ́.

Ìjábẹ̀ ló dára fún un: ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i sọ́tùn-ún sósì nínú ìkòkò, tàbí kí ẹ fi gún un wéréwéré. Ẹni tó bá fẹ́ kó kúnná bí omi ẹ̀kọ, kó sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni ata lílọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ méjì, epo pupa ṣíbí kan, irú, iyọ̀, àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lórí iná kékeré. Ibí ni ojú gbọ́dọ̀ wà, torí gbẹ̀gìrì tó ti ki a máa sọ̀ sídìí, a sì máa jó láìfọhùn. Òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ fúnni, nígbà yẹn ó ti wọ gbogbo ìkòkò. Ẹ máa fi ṣíbí igi há ìdí rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì. Bó bá ṣèèṣì jó, ẹ má rò ó: ẹ rọra dà á sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí sílẹ̀. Ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì ṣàn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Á ki bó bá ń tutù.

Ọbẹ̀ ata ò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo ilé ló ní tirẹ̀: tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, tí a lọ̀, tí a sè kí omi rẹ̀ gbẹ, tí a wá fi epo dín títí epo fi léfòó. Ẹran tí a ti bọ̀ ni a ń dà sí i. Ẹ sè é lọ́jọ́ Ẹtì bí ẹ bá lè ṣe é, kó má gba ojú iná lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Ewédú ń fẹ́ omi díẹ̀, nǹkan bí agolo mẹ́ta sí ewé abọ́ ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ fi kán-ún tí kò ju ẹyọ ẹ̀pà kan lọ sí i, kí ẹ tó da ewé sí i. Ẹ má dé e. Kán-ún ń jẹ́ kó tètè rọ̀, kó sì máa tutù yọ̀yọ̀ lójú, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, á dà bí ọṣẹ lẹ́nu. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á nínú ìkòkò náà títí yóò fi máa fà. Irú àti iyọ̀ ló kàn, ìṣẹ́jú méjì sí i, ó parí. Ewédú tí a fi sórí iná jù kì í fà mọ́, a máa já bí omi lásán. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní àtúnṣe.

Ọkà rírò ló kù. Wọ́n ń pa á lálọ̀ọ́ pé òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Orógùn ni. Ọmọ tó bá ti rí omi ọkà tó ń hó kùtùkùtù, tó rí i tí igi wọ inú rẹ̀ láìjó, kò tún ní gbàgbé àlọ́ yẹn.

Omi agolo méjìlá sí èlùbọ́ agolo mẹ́fà ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èlùbọ́ kì í mu omi dọ́gba, torí náà ojú ni ẹ ó fi parí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ti jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí omi bá hó dáadáa, ẹ bu agolo méjì sọ́tọ̀. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí òṣùká aṣọ tó nípọn, kó má lè yí. Ẹ da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lójú ẹsẹ̀.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ kalẹ̀ nìyí: ìyẹ̀fun tó bá bọ́ sínú omi tó ṣì ń hó lórí iná, ẹ̀yìn rẹ̀ á jinná kíákíá, á di bí awọ, omi ò sì ní ráyè wọ inú rẹ̀ mọ́. Kókó nìyẹn. Ẹ já a sí méjì, ẹ ó bá ìyẹ̀fun gbígbẹ láàárín rẹ̀. Bí omi ò bá sì tíì hó kí ẹ tó da èlùbọ́ sí i, kókó lè má sí, àmọ́ ọkà náà kò ní fà, á ṣe bọ́tọbọ̀tọ bí ẹrẹ̀, á sì máa rùn bí ìyẹ̀fun. Kókó tó bá yọjú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ orógùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò kí ẹ fà á wá sísàlẹ̀. Yíyí orógùn po kò lè tú u.

Èèyàn méjì ni iṣẹ́ yìí fẹ́, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó dára. Ọ̀kan á di ìkòkò mú ní etí méjèèjì pẹ̀lú aṣọ tó nípọn, èkejì á jókòó sórí àpótí, á máa ro. Ẹni tó di ìkòkò mú ló ń sọ pé "dúró ná" bí ìkòkò bá fẹ́ yẹ̀, orógùn sì gbọ́dọ̀ dúró, ì báà jẹ́ bàbá ló ń ro tí ọmọ sì ń dì í mú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ ro ọkà gbígbóná. Èyí tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò náà rárá. Ẹ fún un ní abọ́ tò lórí ẹní. Ọkà ń lẹ̀ mọ́ ara, kì í ṣàn kúrò bí omi, torí náà ni ó fi ń jó jinlẹ̀. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi abọ́ bù ú dà sí i. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kàn án. Bó bá kan ojú, tàbí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nígbà tó bá ti papọ̀, ẹ fi orógùn lu ihò sí i lára níbi mélòó kan, ẹ wọ́n omi gbígbóná tí ẹ bù pa mọ́ yí i ká, ẹ dé e, ẹ dá a padà sórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ooru yẹn ló ń sè é dénú. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún un rò, títí yóò fi máa dán, tí á sì máa ká kúrò lára ìkòkò. Bó bá rọ̀ jù, ẹ má bu èlùbọ́ gbígbẹ lé e, kókó ni ẹ ń pè. Ẹ dá a padà sórí iná láìdé e, kí ẹ máa yí i kí omi rẹ̀ gbẹ. Bó bá le jù, omi tó ń hó ni ẹ ó fi tún un ṣe. Omi tútù á jẹ́ kó ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ bù ú nígbà tó gbóná. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rá fún un nínú ilé, ooru yẹn pọ̀ ju ohun tó yẹ ká fi ọ̀rá gbà lọ. Abọ́ tó ní ọmọrí tó, ewé eéran náà sì ń jẹ́ kí òórùn rẹ̀ dùn. Gbẹ̀gìrì kọ́kọ́ wọlé, ewédú lé e, ata á wà láàárín. Kí ẹ tó kan òkèlè, ẹ dá orúkọ: ta ló ṣa ẹ̀wà, ta ló ni ewédú, ta ló di ìkòkò mú. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, àwọn ni kí wọ́n sọ èyí tó dára. Ọmọ tí wọ́n bá kí kú iṣẹ́ á máa jẹun bí ẹni tó ra ẹran fún gbogbo ilé.

Gbẹ̀gìrì tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e hó lálẹ́, kó tutù kí ẹ tó gbé e sínú fíríìjì. Bí iná mànàmáná ò bá sí, ẹ tún un hó ní òwúrọ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dé e mọ́ kúlà ní gbígbóná di ọjọ́ kejì, á kan. Ìkòkò ọkà, omi tútù ni kí ẹ dà sí i, torí gbígbóná á tún sè é mọ́ ọn. Láàárín wákàtí kan, ohun tó lẹ̀ á ká fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ni kó fọ orógùn, kó sá a sóòrùn, kó sì fún ẹni tó di ìkòkò mú lónìí, torí òun ni yóò ro ọkà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó bá ti pé ọdún 14.